Owó Ilé Kò Tíì Tán, Ṣùgbọ́n Ọkàn Kò Balẹ̀

Lẹ́tà tí ó pọ̀ jù lọ nínú èyí tí ó ń dé sí ojú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni. Èyí tí a fẹ́ dáhùn lónìí kò ní ọkọ nínú, kò sì ní aya. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó ń dá gbé ní ìlú ńlá ni ó sì ń bá a yí láìrí ẹni tí wọn yóò sọ ọ́ fún.

Arábìnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó ni ó kọ̀wé. Ó gba yàrá kan nínú ilé tí baba onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ilé ìdáná kan náà, ilẹ̀kùn àbájáde kan náà. Ó san owó ọdún kan. Oṣù márùn-ún ni ó ti lò níbẹ̀, ó sì fẹ́ kó jáde. Kí ni baba náà ṣe fún un? Òun fúnra rẹ̀ sọ pé bí òun bá rò ó títí, kò sí ohun tí òun lè gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Baba náà kò fọwọ́ kàn án rí, kò sì bú u rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń rí i pé aṣọ tí òun ká sórí bẹ́ẹ̀dì ti kúrò ní ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ti ilẹ̀kùn kí òun tó jáde. Bí iná bá lọ lóru, baba a gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀, a sì jókòó nínú òkùnkùn láìsọ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìyá rẹ̀ sọ lórí fóònù, baba yóò tún un sọ fún un láàárọ̀ bí ẹni ń ṣàwàdà. Bí ẹnikẹ́ni bá sìn ín délé láti ìpàdé àdúrà, baba yóò bi í léèrè ẹni náà àti iye ìṣẹ́jú tí ó lò. Gbogbo ìgbà ni ó ń sọ pé, "Mo dà bíi bàbá fún ẹ."

Ìyá rẹ̀ ní kí ó fara dà á títí owó yóò fi tán, nítorí owó kì í ṣe ewé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ìjọ ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá ń bi wá pé: ṣé àìnígbàgbọ́ ni bí òun bá kó jáde? Báwo sì ni ti owó oṣù méje tí ó kù?

Ìdáhùn wa kò gùn. Kí ó kó jáde, kí ó má sì jẹ́ kí ó pẹ́. Ohun tí ó kù nínú ojú ìwé yìí, ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é ni, àti ìdí tí a kò fi gbà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya onílé líle sọ́tọ̀ kúrò lára onílé tí ó ń dẹ́rù bani. Onílé líle pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ó ń ka iye bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ẹ pọn. Ó ń ti géètì ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ó ń pariwo nítorí ẹni tí kò gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń pa iná ìta kí owó mítà má baà tètè tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń dáni lágara, ṣùgbọ́n ẹ lè fara dà á títí ọdún yóò fi yí po, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Onílé líle, ilé rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ti arábìnrin yìí, ènìyàn ni ó ń ṣọ́. Kì í ṣe ohun kan náà rárá, bí ẹ bá sì dàpọ̀ wọn mọ́ ara wọn, ẹ óò fún ọmọbìnrin yín ní ìmọ̀ràn tí kò yẹ.

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó sì lábo. Àwọn àgbà mọ onílé tí ó fi àpárí iṣu lọ àlejò: ó ti sọ tẹnu rẹ̀, ó fẹ́ kí àlejò máa lọ. Èyí tí ó ń fi odindi iṣu lọ obìnrin tí kò ní ọkọ nílé lójoojúmọ́, tí ó sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ lápò, òun ni kí a bẹ̀rù. Arábìnrin náà kọ ohun kan sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan: obìnrin tí ó ń ta gààrí lẹ́nu ọ̀nà sọ fún un pé ọmọbìnrin méjì ni ó ti gbé yàrá náà rí, kò sì sí èyí tí ó lo ọdún kan pé nínú wọn. Lójú tiwa, gbólóhùn yẹn nìkan ti tó.

Ní ti ìgbàgbọ́, Jósẹ́fù nígbàgbọ́, síbẹ̀ ó sá jáde kúrò nílé Pọ́tífárì, ó sì fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ náà purọ́ mọ́ ọn, ó sì jìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì gbọ́ oníwàásù kan tí ó sọ pé ì bá dúró nítorí aṣọ. Owó oṣù méje yẹn, aṣọ ni. Dáfídì náà ti yẹ ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀, ó sá lóru ọjọ́ náà. Àwọn àgbà Yorùbá pàápàá sọ pé akíkanjú tí ó mọ ogun jà tí kò mọ ogun sá, yóò bá ogun lọ. Kí arábìnrin náà máa gbàdúrà, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó máa di ẹrù rẹ̀ bí ó ti ń gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti òfin, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó ni ilé lè wọ ibikíbi tí ó bá wù ú nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n yàrá tí ó ti gba owó rẹ̀ ti di ti ayálégbé títí owó yóò fi tán. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé ní ìrọ̀rùn, kí ẹnikẹ́ni má yọjú sí àṣírí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu láìnídìí, kí ó sì dá ni yàrá rẹ̀, yàtọ̀ sí ìgbà tí onílé bá ní ìdí láti wá yẹ ibẹ̀ wò. Òfin yẹn yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Láti ọdún 2015 sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ kan lórí ìwà ipá ti wà, tí ó ka títọpinpin ènìyàn lọ́nà tí ó ń kó o láyà jẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó sì ti ṣe irú rẹ̀ tiwọn. Nítorí náà, bí arábìnrin wa bá rò pé òun kò ní ẹjọ́ lẹ́nu, ó ní.

Síbẹ̀, níní ẹjọ́ lẹ́nu kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú sísùn dáadáa lóru. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó náà. A fi ṣe àpẹẹrẹ: bí owó yàrá bá jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, ₦30,000 ni oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù márùn-ún tí ó ti lò jẹ́ ₦150,000. ₦210,000 ni ó kù. Owó ńlá ni fún olùkọ́, a kò ní tan ara wa jẹ. Bí ó bá sì fẹ́ gba yàrá mìíràn, yóò tún san owó éjẹ́ńtì àti owó àgíríméńtì lórí owó ilé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún ẹ̀yin ìyá nínú ìjọ tí ẹ ní yàrá tí ẹ kò lò: ẹ gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí ó lè kó owó jọ. Ìmọ̀ràn láìsí bẹ́ẹ̀dì kò wúlò fún ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn.

Kí ó tó sọ ohunkóhun fún onílé, kí ó wá ibi tí yóò kó lọ ná. Kí ó ka àgíríméńtì rẹ̀ dáadáa, bí ó bá ní, kí ó wo ohun tí ó sọ nípa kíkúrò ṣáájú àkókò. Níbi tí onílé àti ayálégbé kò bá ti fi ẹnu kò lórí ọjọ́ ìkìlọ̀, oṣù mẹ́fà ni òfin Èkó ti 2011 ní kí ẹni tí ó gba ilé ọlọ́dọọdún àti onílé rẹ̀ máa fún ara wọn. Oṣù mẹ́fà nínú irú ilé yẹn! A kò ní gba ọmọ tiwa nímọ̀ràn pé kí ó sọ fún onílé lónìí kí ó sì máa sùn níbẹ̀ di oṣù mẹ́fà. Òótọ́ ni pé ó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó tí ó kù le sí i. Kí ó le.

Láàárín àkókò yìí, kí ó ra irin tí a fi ń sé ilẹ̀kùn láti inú, kí ó sì máa lò ó. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́ àti aago sí: ọjọ́ tí nǹkan kúrò ní ipò, ọjọ́ tí baba gbé àga síwájú ilẹ̀kùn. Kí ó sọ fún ènìyàn méjì, ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹbí. Àwọn sàtífíkéètì rẹ̀, ìwé báńkì àti rìsíìtì owó ilé ni kí ó kọ́kọ́ kó jáde, díẹ̀díẹ̀, nínú báàgì tí ó ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí yóò kó, kí ó jẹ́ ọ̀sán gangan, kì í ṣe òru, nítorí ẹni tí ó kó lóru ni wọn yóò sọ pé ó jí nǹkan. Kí àbúrò bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, kí àgbà ìjọ kan àti ìyá kan nínú ìjọ sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kòròpe kan tó fún ẹrù yàrá kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dé inú ọkọ̀ tán, kí àgbà náà kí baba onílé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ lójú gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ìwé tí ó sọ ọjọ́ tí ó kó jáde. Kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán yàrá náà ní òfìfo àti ojú mítà iná. Bí baba bá ń bi í léèrè ibi tí ó ń kó lọ, kí àgbà dáhùn pé, "Ọ̀dọ̀ ẹbí ni, sà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn àgbà padà lọ bèèrè owó tí ó kù. Kí òun má bá wọn lọ. Òfin kò fi dandan lé onílé láti dá owó padà kìkì nítorí pé ayálégbé fúnra rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n níbi tí onílé bá ti ba ìrọ̀rùn ayálégbé jẹ́, ọ̀rọ̀ wà láti sọ. Bí kò bá gbọ́, ilé iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1999 láti máa parí aáwọ̀ láìgba kọ́bọ̀, Citizens' Mediation Centre ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbọ́ jù. Bí wọ́n bá rí ìdajì gbà, kí wọ́n gbà á. Bí wọn kò bá rí ọwọ́ kankan, kí ó gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onílé láàárín wa, a sì mọ̀ pé ẹ pọ̀, díákónì wà nínú yín. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ wo òrùlé tí ń jò, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ sì mú ìyàwó yín dání. Ẹ fún ayálégbé ní gbogbo kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ pé tọkọtaya ni ẹ̀yin, tí onílé ń pe ọmọ yín obìnrin wọ yàrá rẹ̀ láti fún un ní bisikíìtì, tàbí ọmọkùnrin, kò sí ọ̀rọ̀ iye oṣù tí ó kù níbẹ̀ rárá. Ẹ gbé ọmọ náà kúrò lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó ronú lórí ẹrù.

Arábìnrin wa bèèrè ohun kan sí i: bí ọmọbìnrin mìíràn bá wá wo yàrá náà tí ó sì wá bi òun léèrè ìdí tí òun fi kúrò, ṣé kí òun dákẹ́, kí ó má baà dà bí ẹni ń ba àgbàlagbà lórúkọ jẹ́? Kí ó má dákẹ́. Kí ó sọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, aṣọ tí ó kúrò ní ipò àti àga tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìfi àbùmọ́ kankan sí i. Obìnrin oní-gààrí ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun náà, àfi pé owó ti wọlé kí ó tó gbọ́.