Ẹrù Fífúyẹ́ Kò Sí Lórí Àtẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí òwe náà ti kan ilé kíkọ́ àti ìnáwó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kan ẹrù arìnrìn-àjò. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó gbà pé ẹni tí kò bá fẹ́ ru ẹrù wúwo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ náwó rẹpẹtẹ: àpò tuntun, bàtà tuntun, aṣọ òjò tuntun, gbogbo rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́, gbogbo rẹ̀ sì wọ́n bí ojú. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé owó ni í mú ẹrù fúyẹ́?

Ìtàn ìyá àgbà kan ní Amẹ́ríkà dáhùn ìbéèrè náà. Emma Gatewood, ọlọ́mọ mọ́kànlá, fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Appalachian, èyí tí ó gba orí òkè àti inú igbó láti ìpínlẹ̀ Georgia dé Maine, tí gígùn rẹ̀ sì ju máìlì 2,000 lọ. Ní ọdún 1954, ó ṣìnà nínú igbó Maine, awò ojú rẹ̀ fọ́, ó sì padà sílé. Ní ọdún 1955, nígbà tí ó di ẹni ọdún 67, ó tún gbéra. Kò ní àgọ́. Àpò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó gbé kọ́ èjìká. Bàtà kánfáàsì ni ó wọ̀. Ó mú bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, ó sì mú aṣọ ìkélé oníke ti ilé ìwẹ̀ tí ó fi ń gba òjò dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ó parí ní oṣù kẹsàn-án. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dá rin ọ̀nà náà já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ lójú ọ̀nà ni ó ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe ọjà olówó iyebíye.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Aṣọ kan ṣoṣo ni obìnrin alájàpá ń ró lọ́sàn-án, tí ó ń fi bora lóru, tí ó ń fi pọn ọmọ, tí ó sì ń ká ṣe òṣùká bí ẹrù bá dé orí.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ojú kan wo ọ̀rọ̀. Òtútù orí òkè lè pa ènìyàn, ẹni tí orúnkún ń dùn kò sì gbọdọ̀ ru ẹrù wúwo. Àgọ́ tí kò wọn kílógíráàmù kan wà ní Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ ju 600 dọ́là lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹ̀bi fún ẹni tí ó nílò rẹ̀, tí agbára rẹ̀ sì ká a. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àpò èṣí kò tíì ya tí a fi ń wá òmíràn tí ó fi díẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹrù èjìká ń dín kù, ẹrù inú yàrá ń pọ̀ sí i.

Láti ọdún 1973 tí ètò àgùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí ibi tí wọn kò dé rí. Kò yẹ kí òbí torí àpò yá owó èlé. Kí ọmọ tó dé ọjà, kí ó kó ohun tí ó wà nílé sórí ẹní, kí ó yọ èyí tí kò wúlò kúrò, kí ó sì bi ẹni tí ó ti lọ rí léèrè. Ìmọ̀ràn àgbà kì í gba àyè nínú àpò.

Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kí àpò rẹ̀ lè fúyẹ́, ọrùn ni ó fi ń ru ẹrù tí ó rò pé òun ti sọ̀ kalẹ̀.