Ẹ̀rí Wo Ni Àdírẹ́ẹ̀sì Ayélujára Jẹ́?

Ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan lè wà ní Ouagadougou, kí àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ nípa iye owó oúnjẹ ní ọjà Rood Woko. Síbẹ̀, bí a bá tọpa àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì wọn, máàpù lè tọ́ka sí Paris. Ibẹ̀ ni àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba yóò ti pariwo pé òyìnbó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Irọ́ gbáà ni. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé ìkànnì sí ni máàpù rí. Kò rí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà lásán ni àdírẹ́ẹ̀sì yìí. AFRINIC, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Mauritius, ni ó ń pín in ní Áfíríkà láti 2005. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń sọ ilé-iṣẹ́ tí ó gba nọ́ńbà àti orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ti ìyókù, àbá ni àwọn oníṣòwò máàpù ń dá. Nígbà tí MaxMind, ọ̀kan nínú wọn, kò mọ̀ ju pé Amẹ́ríkà ni nọ́ńbà kan wà, àárín orílẹ̀-èdè náà ni ó ń fi í sí. Báyìí ni nọ́ńbà bíi 600 mílíọ̀nù ṣe bọ́ sórí oko kan ṣoṣo ní Kansas, tí àwọn agbófinró sì ń wá ọ̀daràn tí kò débẹ̀ rí lọ síbẹ̀, títí àṣírí fi tú ní 2016.

Ọmọ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ èyí. Láti June 2021 di January 2022 tí ìjọba fi dínà Twitter, VPN ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọlé. Wọ́n jókòó sí Ìkẹjà, àdírẹ́ẹ̀sì wọn sì ń sọ pé ìlú òyìnbó ni wọ́n wà.

Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé, kí ló dé tí ìkànnì fi ń sá kúrò nílé? Iná tí kò dúró wà níbẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù aláṣẹ náà wà níbẹ̀. Ní November 2021, ìjọba Burkina Faso ti íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù pa fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní April 2024, àjọ CSC tí ń ṣàkóso ìròyìn dá BBC àti VOA dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ìjábọ̀ Human Rights Watch lórí ìpakúpa àwọn ará ìlú, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dí ìkànnì wọn. Ta ni yóò rí èyí tí yóò tún gbé ìwé rẹ̀ sí abẹ́ ọwọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ tí ará Ouagadougou kọ sí aládùúgbò rẹ̀ yóò ṣì máa la òkun kọjá kí ó tó padà wálé, aláṣẹ tí ó lé e jáde yóò sì máa pè é ní àjèjì.