Kò Sẹ́ni Tó Ta Ọmọ Yín Lọ́fà

Ẹ̀yin ará Òrégún, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ àti ẹ̀yin ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì wọn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú, wọ́n ní ọfà ni. Kókó yọ lọ́rùn bàbá, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Egbò ẹnu kọ̀ kò jinná, wọ́n ní kì í ṣe àìsàn ọsibítù. Ẹ̀rí wo ni wọ́n ní? Pé àìsàn náà le, kò sì gbọ́ oògùn tí wọ́n rà ní kẹ́mísì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n gbé lé tí wọ́n fi ń dá ọmọ ọlọ́mọ dúró sílé títí yóò fi kú, tí wọ́n sì fi ń pe ìyá arúgbó ní àjẹ́.

Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé yẹn ló ń dùn mí jù. Lọ́dún 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó wà ní Uganda, kọ̀wé nípa kókó kan tó ń so sí párì àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà UCH Ìbàdàn náà ti ń rí i lára àwọn ọmọ tiwa. Jẹjẹrẹ ni. Lọ́dún 1964, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Epstein, Achong àti Barr, rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì kókó náà ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ Epstein àti Barr ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Itọ́ ló ń gbé e kiri. Bó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, yóò mú kí sẹ́ẹ̀lì náà máa tẹ RNA kéékèèké méjì jáde, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní EBER. Àwọn RNA tí a mọ̀ jù ni ara ń kà bí ìwé àṣẹ láti fi ṣe purotéènì. EBER kò ní àṣẹ purotéènì kankan nínú, síbẹ̀ kò jókòó lásán: ìwádìí fi hàn pé ó máa ń ran sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ kó má baà kú. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, iye rẹ̀ lè wọ mílíọ̀nù. Nítorí pé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣẹ́ lábù á gé bíńtín nínú ẹran kókó náà, wọ́n á kùn ún, EBER á sì yọ kedere lábẹ́ awò. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń dá jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀yìn imú mọ̀ lára àgbàlagbà. Ta ni nínú àwọn tó ń pariwo ọfà ló ti fi ọfà ọ̀hún hàn wá rí?

Wọ́n á ní: ṣebí ó lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tó ní fáírọ́ọ̀sì yìí lára, kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ tèmi? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn sì wà. Ibà ni. Ọmọ tí ibà ń dá wó léraléra, agbára tí ara rẹ̀ fi ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì náà á dínkù, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan á sì máa pọ̀ ní ìpọ̀kúpọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń pọ̀ ni àbùdá kan tó ń jẹ́ MYC ti ń já kúrò ní àyè rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì náà kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró mọ́. Ẹ̀fọn ló wà nídìí ẹ̀. Kì í ṣe ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín!

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé jẹjẹrẹ yìí wà lára èyí tó yára dàgbà jù, ó sì tún wà lára èyí tí oògùn tètè ń yọ́. Ọmọ tó tètè dé ọsibítù lè yè. Ẹ̀yin ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe ìṣọ́ òru.

Wọ́n tún ní bí ọ̀bẹ dókítà bá kan kókó náà, á tàn ká. Irọ́ ni, pípẹ́ nílé ló ń jẹ́ kó tàn. Wọ́n ní jẹjẹrẹ kò sí nínú ìran àwọn. Kò pọn dandan kó wà níbẹ̀.

Ti àgbàlagbà ńkọ́? Sìgá àti ọtí líle ló ń fa púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń mu páraga ní gáréèjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ o. Nínú irú kókó bẹ́ẹ̀, RNA bíńtín kan tó ń jẹ́ miR-21 máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń pa àwọn àbùdá tó ń dá sẹ́ẹ̀lì lẹ́kun lẹ́nu mọ́. Irú àwọn RNA bíńtín bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ méjì, Ambros àti Ruvkun, ṣàwárí tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2024.

Ẹ gbàdúrà yín, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa gbà á. Ọsibítù LASUTH wà n'Íkẹjà níbí. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí síbẹ̀ lọ́dún 2019 sì ń ṣiṣẹ́. Owó ń dá ọ̀pọ̀ dúró, mo mọ̀, ó sì yẹ kí ìjọba gbọ́ ọ. Àmọ́ owó tẹ́ ẹ ń kó fún aríran, ẹ fi san ti àyẹ̀wò ná. Egbò ẹnu tàbí kókó ọrùn tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ párì ọmọdé ló ń wú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i gan-an ni kẹ́ ẹ gbéra.