Ìwé Àdírẹ́sì Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Ẹrù Ẹnì Kan

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ó lè tú ẹgbẹ́ ká.

Níbo ni àdírẹ́sì ímeèlì gbogbo wa wà? Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, inú fóònù akọ̀wé ni. Bí akọ̀wé bá bínú ńkọ́? Bí fóònù bá sọnù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó di ìwé orúkọ mú ló ń pinnu ẹni tó máa gbọ́ ìpàdé. Ẹni tí a kò pè sí ìpàdé, a ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ìṣèlú nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lásán.

Àwa gan-an ló yẹ kí àtúnṣe rẹ̀ tètè yé. Alákétu là ń pe ọba ní Kétu, Oníṣábẹ̀ẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọba a wàjà, òmíràn a jẹ, orúkọ oyè kì í yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní alias: àdírẹ́sì tó ń jẹ́ orúkọ ipò, bíi akowe tàbí akapo, tó ń gbé lẹ́tà lọ bá ẹni tó wà lórí àga lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí a bá yan ẹlòmíràn, ibi tí lẹ́tà ń já sí nìkan la ó yí padà. Àwọn tó ń kọ̀wé sí wa kò ní mọ̀ rárá. Kábíyèsí tí kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà lè ní tiwọn: ẹni méjì tí ààfin fọkàn tán ni lẹ́tà á máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká pín carnet d'adresses sí ọ̀wọ́: ìjòyè, obìnrin, ọ̀dọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Ẹnì kan lè wà nínú ọ̀wọ́ méjì. Bí a bá ti kọ orúkọ ọ̀wọ́, gbogbo wọn á rí lẹ́tà gbà. Àmọ́ inú Cci ni kí ẹ kọ ọ́ sí o, kì í ṣe À tàbí Cc! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni kọ̀ọ̀kan á rí àdírẹ́sì gbogbo ìyókù, ó sì lè kó o fún olóṣèlú lásìkò ìbò. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 ti 20 oṣù kẹrin 2018, code du numérique, dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní WhatsApp ti tó. Kò tó, jàre. Nínú gúrúùpù WhatsApp, àwọn èèyàn sábà máa ń rí nọ́ńbà ara wọn. Ṣé WhatsApp náà la ó fi kọ lẹ́tà sí mairie?

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí àpótí ímeèlì náà jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ẹni méjì ó kéré tán mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Kí a máa ka ìwé orúkọ sókè ní ìpàdé gbogbogbòò lọ́dọọdún, kí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lè pariwo.

Ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹnì kan, ilé onítọ̀hún ni. Ẹgbẹ́ ńkọ́, ṣé ti ẹnì kan ni?