Kí Ẹ Tó Ra GPS Kejì, Ẹ Bi Kernel Léèrè

Ní ọdún tí mo ṣe iṣẹ́ àkànṣe ìparí ẹ̀kọ́ mi, GPS méjì ni àwa mẹ́ta tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan rà. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Ọ̀kan nínú wa ti fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra ìkejì kí a tó mọ̀ pé Raspberry Pi 3 tó wà níwájú wa kò tíì ṣílẹ̀kùn fún èyí àkọ́kọ́ rárá.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti lo Pi 2 ló fún wa ní ètò Python wọn, pẹ̀lú ìlànà ojú ewé kan: ẹ so waya GPS mọ́ pin 8 àti pin 10, ẹ ka /dev/ttyAMA0, ó parí. Lórí Pi 2, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n Pi 3 tó jáde ní 2016 gbé Bluetooth wá, Bluetooth yìí ló sì gba PL011, UART tó dára jù, tí ttyAMA0 ń tọ́ka sí. Mini UART, ìyẹn ttyS0, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún pin 8 àti 10, wọn ò sì tan án. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì la fi jókòó ti ojú Bluetooth, tí à ń retí kí sátẹ́láìtì fọhùn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Driver gbọ́dọ̀ wà nínú kernel ná: CONFIG_SERIAL_AMBA_PL011 fún PL011, CONFIG_SERIAL_8250_BCM2835AUX fún mini UART. Bí ẹni tó kọ́ kernel bá yọ ọ́, kò sí ètò Python tó lè dá a padà. Lẹ́yìn náà ni device tree, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún kernel ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù; ojú tí status rẹ̀ bá jẹ́ "disabled", kernel á ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nínú config.txt, enable_uart=1 ló ń tan mini UART, ó sì ń di clock rẹ̀ mú kí baud má baà máa yí. Ẹni tó bá fẹ́ gba PL011 padà lọ́wọ́ Bluetooth á kọ dtoverlay=disable-bt. Síbẹ̀, bí console=serial0,115200 bá ṣì wà nínú cmdline.txt, Linux fúnra rẹ̀ á máa bá GPS yín du ojú kan ṣoṣo. (Ẹ jọ̀ọ́, 3.3V ni àwọn pin yẹn. Ẹ má so TX Arduino olókùn 5V mọ́ wọn ní tààrà.)

Èrò mi ni pé kí ẹ̀ka wa má gba iṣẹ́ kankan tó lo serial wọlé fún ìdáàbòbò, àyàfi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè fi ìlà tó tan ojú náà hàn, kó sì sọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. "A wọ raspi-config, a tẹ Enable" kò tó. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ là ń jogún láti ọdún dé ọdún, ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù bá yí padà ló ń jẹ́ owó.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: iná kò dúró, kíkọ́ kernel lórí Pi sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Òótọ́ ni, mi ò sì ní kí gbogbo ènìyàn kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n overlay kékeré kan kì í gba ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láti fi dtc kọ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ń kú lọ gan-an á ṣe é. dmesg | grep tty kò sì gba nǹkankan.

Àwọn GPS méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ́ tó bá nílò ọ̀kan ní ọdún yìí lè wá gbà á, bí wọ́n bá ti fi dmesg wọn hàn mí.