Mábù Tí Ásíìdì Jẹ: Ta Ni Kí Ó San Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí jẹ mọ́ ilẹ̀ tí a ń fọ̀ àti tábìlì òkúta tí a ń nù nínú ilé ìdáná àwọn ènìyàn. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí, ṣùgbọ́n owó oṣù àwọn ènìyàn wa ti ń bá a lọ.

Ẹjọ́ kan dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa. Obìnrin kan nínú wa ń bá ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ ìmọ́tótó kan ṣiṣẹ́. Wọ́n rán an lọ fọ ilé ìwẹ̀ nínú ilé ńlá kan. Omi ìfọ tọ́lẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ náà fi lé e lọ́wọ́ ni ó lò, bí wọ́n ti ní kí ó lò ó. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, àpá funfun bo ojú mábù, dídán rẹ̀ sì ti lọ. Onílé bínú, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rù onílé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó oṣù obìnrin náà. Wọ́n ní àìbìkítà ni. Àwa ní kì í ṣe àìbìkítà. Ẹni tí ó fi ásíìdì lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò sọ fún un pé mábù ni ó ń lọ fọ̀, òun ni ó ba òkúta náà jẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé tọ̀tún tòsì, ẹ jẹ́ kí a mọ irú òkúta tí ó wà nílé. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni mábù, irú èyí tí ó wà ní Ìgbẹ́tì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ní Jákúrà ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ohun kan náà tí ó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín ni ó wà nínú mábù. Ohunkóhun tí ó bá kan ni í máa ń jẹ ẹ́: omi ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, tòmátì, àti ní pàtàkì omi ìfọ tọ́lẹ́ẹ̀tì àti ásíìdì tí àwọn bíríkìlà fi ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lára táìsì. Èkejì ni gíránáìtì, akọ òkúta, irú èyí tí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta jẹ́. Omi ọsàn kì í rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń bó ìpẹtà ní ásíìdì tí ó lè jẹ gíránáìtì pàápàá, tí ó sì lè gba awọ ara wọlé dé egungun. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan irú rẹ̀. Ti tẹ̀ràsò ilé àtijọ́ ńkọ́? Sìmẹ́ńtì àti ẹ̀rún mábù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é; ohun tí ó bá ń pa mábù yóò pa òun náà.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ó wà níwájú yín, ẹ bi onílé. Bí òun náà kò bá mọ̀, ẹ gba àṣẹ rẹ̀, kí ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí kọ̀rọ̀ tí ojú kì í tó. Bí ó bá hó, tàbí tí ojú ibẹ̀ kú, mábù tàbí ìbátan mábù ni. Ẹ fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kò mọ̀. Àbàwọ́n yàtọ̀ sí àpá ásíìdì. Àbàwọ́n jẹ́ nǹkan tí ó wọ inú òkúta; a lè fà á jáde. Àpá ásíìdì jẹ́ ibi tí òkúta fúnra rẹ̀ ti jẹ dànù. Kò sí ọṣẹ tí ó lè dá a padà. Ẹni tí ó bá ń fi kànìnkànìn onírin ha irú àpá bẹ́ẹ̀ ń fi ọgbẹ́ kún ọgbẹ́ ni.

Ìdènà sàn ju àtúnṣe lọ. Ní ọdún 1812, Friedrich Mohs to àwọn òkúta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe le sí, láti 1 dé 10. Mábù wà ní nǹkan bí 3, yanrìn tí ó wọ́pọ̀ wà ní 7. Nítorí náà, yanrìn tí bàtà gbé wọlé, pàápàá lásìkò ọyẹ́, bébà ìhagi ni fún ilẹ̀ mábù. Kí ẹní ìnusẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí a gbá ilẹ̀ dáadáa kí mọ́ọ̀pù tó kàn án. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, díẹ̀ nínú omi púpọ̀, tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kí a pààrọ̀ omi bí ó bá ti dọ̀tí. Kí a má gé ọsàn lórí tábìlì láìfi pákó sábẹ́ rẹ̀, kí a má sì wọ́ àga nílẹ̀. Oògùn tí ó ń dí ihò ara òkúta, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní síílà, ń dín àbàwọ́n kù, ṣùgbọ́n kò lè gba mábù lọ́wọ́ ásíìdì.

Bí epo bá ti wọ òkúta, ẹ po báékìn sódà mọ́ omi àti ọṣẹ ìfọ-abọ́ díẹ̀ títí yóò fi ki. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àbàwọ́n náà, ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ ṣí ọ̀rá kúrò kí ó gbẹ, ẹ fi igi ha á kúrò, ẹ fi omi nù ún. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ti àpá ásíìdì àti ojú ibi tí ó ha, ẹ fi èékánná wọ́ ọ. Bí èékánná bá há sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́ òkúta tí ó ní ẹ̀rọ ìdán-òkúta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé òkúta, tí ẹ sì ń dán an, ẹ má ṣe é ní gbígbẹ. Ẹ máa da omi sí i, kí ẹ sì fi ìbomú gidi bo imú. Eruku gíránáìtì a máa dá ọgbẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn náà kò sì ní ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ilé, ẹ má ṣe po blíìsì mọ́ omi ìfọ tọ́lẹ́ẹ̀tì láé. Gáàsì tí ó ń jáde níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Bẹ́líjíọ̀mù, lọ́dún 1915. A lè ra mábù mìíràn. A kì í ra ẹ̀dọ̀fóró lọ́jà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí owó. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, ní abala 5, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gé owó oṣù fún ìtanràn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí pé ó jáfara, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá gé lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ilé-iṣẹ́ tí a ń wí yìí kò ní ìwé àṣẹ kankan. A ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dá owó obìnrin náà padà, a sì ń retí èsì.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí agbanisíṣẹ́ kọ irú òkúta tí ó wà nílé sínú ìwé iṣẹ́. Kí ó pèsè ọṣẹ tí ó bá òkúta náà mu, kí ó sì fún wa ní ìbọ̀wọ́. Kí a jọ yẹ ilẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a kọ àpá tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i.

Ní tiwa, ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ wa débi pé ẹnikẹ́ni kò ní lè pè wá ní aláìmọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ásíìdì láti fi fọ mábù, kí ó sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí pé kò tọ́. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, kí ó wá rí aṣojú ẹgbẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí wọ́n bá gé owó yín, ẹ má ṣe dákẹ́, ẹ mú ìwé owó oṣù yín wá.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ á gbè wá o.