Ó Yẹ Ká Lè Ṣí Fáìlì Iléèwé Látilé

Tí iṣẹ́ rẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà iléèwé, kò yẹ kó jẹ́ fílàṣì nìkan lo máa fi gbé e délé. Fílàṣì ń sọnù, ó sì ń kó fáírọ́ọ̀sì.

Àwọn aláṣẹ á ní táwọn bá ṣílẹ̀kùn, olè á wọlé. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Lọ́dún 1995, wọ́n ń jí password tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Helsinki, ní Finland. Ohun tí Tatu Ylönen, olùwádìí kan níbẹ̀, ṣe sí i ni SSH. Ó ń sọ gbogbo ohun tó ń lọ láàárín kọ̀ǹpútà méjì di àdììtú: ẹni tó bá jí i lójú ọ̀nà ò ní lè kà á. SFTP ló ń gba inú ẹ̀ gbé fáìlì.

Ọ̀fẹ́ ni OpenSSH. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pín sí méjì: ọ̀kan wà lọ́dọ̀ iléèwé, èkejì, tó jẹ́ àṣírí, ò kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ nílé. Tí kọ̀ǹpútà yẹn bá sọnù, kí iléèwé yọ tọwọ́ wọn kúrò, ó parí.

Lójú tèmi, kì í ṣe owó sọ́fíwíà ló ń dí wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ bi ẹ̀ka ICT iléèwé wa: ìgbà wo la máa rí SFTP lò?